Ẹ Jókòó Ti Ọmọ Yín: Iṣẹ́ Àṣetiléwá àti Ààbò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà dé, wọ́n ti ilé ìwé pa jákèjádò Nàìjíríà. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti WhatsApp di kíláàsì. Àwọn olùkọ́ ń fi fídíò àti ohùn wọn ránṣẹ́ sí fóònù òbí, àwọn ọmọ ń kọ iṣẹ́ sínú ìwé, òbí ń ya fọ́tò rẹ̀ padà fún olùkọ́. Nígbà tí ilé ìwé tún ṣí, fóònù kò padà sẹ́yìn mọ́. Títí di òní, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sórí gúrúùpù kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń gba fóònù ìyá wọn kí wọ́n tó lè rí ìbéèrè kà.

Ìdí nìyí tí a kò fi ya ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ààbò sọ́tọ̀ nínú orí ìwé yìí. Ẹnu tí ọmọ fi ń sọ fún yín pé ìṣirò yìí kò yé òun, ẹnu yẹn náà ni yóò fi sọ fún yín pé ẹnì kan tí òun kò mọ̀ rí ń béèrè fọ́tò òun. Bí ẹ kò bá ráyè gbọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ má retí kó sọ èkejì.

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń dá òbí dúró. Àwọn kan ní, “Èmi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀.” Àwọn mìíràn ní, “Àwọn ọmọ yìí mọ fóònù jù mí lọ.” Méjèèjì lè jẹ́ òtítọ́, kò sì sí èyí tó dí òbí lọ́wọ́ nínú ohun tí a fẹ́ kọ́ yín níhìn-ín.

Ibi tí ọmọ yóò jókòó sí, àti àsìkò

Ẹ kò nílò yàrá ìkàwé. Tábìlì oúnjẹ tó, igun pálọ̀ tó, orí káńtà ṣọ́ọ̀bù náà tó bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ máa ń wà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ohun mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: kí ó jẹ́ ojú kan náà lójoojúmọ́, kí tẹlifíṣọ̀n má máa pariwo níbẹ̀, kí àgbà kan sì lè máa rí ojú fóònù láti ibi tó wà. Ọmọ tó bá gbé fóònù wọ yàrá tó sì ti ilẹ̀kùn ti kúrò lábẹ́ ojú yín, ì báà jẹ́ ìwé ló ní òun fẹ́ kà.

Ẹ má fi àsìkò ìkàwé ti iná NEPA. Kí ọmọ ti ilé ìwé dé, kó jẹun, kó wẹ̀, kó ṣeré díẹ̀, kó sì jókòó ti ìwé kí oòrùn tó wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán kò gba epo jẹnẹrétọ̀. Fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ìjókòó kan. Àwọn tó ti wọ girama lè ṣe wákàtí kan kí wọ́n tó sinmi. Nígbàkígbà tí iná bá dé, ẹ ti fóònù àti iná oníṣáájì bọ ṣáájì, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ fẹ́ kàwé gan-an ni wọ́n kú.

Bí ó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé tí ọmọ sì pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan da ìbéèrè tirẹ̀ kọ sínú ìwé, kí fóònù padà sọ́wọ́ yín, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí ń dín dátà kù, ó ń dín ìjà kù láàárín àwọn ọmọ, ó sì ń mú kí iṣẹ́ àṣetiléwá jẹ́ iṣẹ́ ìwé, kí ó má di eré fóònù. Ẹ tún wọ WhatsApp yín, ẹ tẹ “Settings”, kí ẹ tẹ “Storage and data”, kí ẹ sì pa “Media auto-download”. Fídíò tí kò kàn yín kò ní máa jẹ dátà tí ọmọ yóò fi kàwé mọ́.

Bí òbí tí kò kàwé ṣe lè ran ọmọ lọ́wọ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yẹn lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé yín ni pé Yorùbá tí ẹ gbọ́ dáadáa kì í ṣe àléébù. Bí ọmọ bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó yé e nìyẹn. Bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ àfi kó máa ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé bí ayékòótọ́, kò tíì yé e.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin péré ni kí ẹ há sórí. Ẹ máa bi ọmọ lójoojúmọ́:

1. Kí ni wọ́n ní kí o ṣe? Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.
2. Èwo lo ti mọ̀ nínú rẹ̀?
3. Ibo gan-an ni kò ti yé ọ?
4. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ohun tí o kọ yẹn tọ̀nà?

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń rí. Ọmọ ìwé karùn-ún kan ń ṣe ìṣirò: kí wọ́n ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá mẹ́rin, ìyẹn 1/2 + 1/4. Ó ro àwọn ti òkè pọ̀, ó ro àwọn ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó sì kọ 2/6. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì, kò sì kọjá ìwé mẹ́ta.

“Ka ohun tí o kọ sí mi létí.”

“Méjì nínú mẹ́fà, mà.”

“Bí mo bá gé búrẹ́dì kan sí ọ̀nà mẹ́fà, tí mo fún ọ ní méjì, ṣé ó tó ìdajì?”

“Kò tó, mà. Mẹ́ta ni ìdajì.”

“Wọ́n ní kí o mú ìdajì, kí o tún fi nǹkan kún un. Ṣé ó wá lè kéré sí ìdajì?”

Ọmọ náà dákẹ́, ó sì pa á rẹ́. Ìyá gbé búrẹ́dì sílẹ̀, ó gé e sí mẹ́rin. Ọ̀nà méjì ni ìdajì, ọ̀nà kan ni ìdá mẹ́rin, ó di mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ kọ 3/4. Ìyá yìí kò mọ òfin tí olùkọ́ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ bá ọgbọ́n orí mu. Ohun tó kọ́ ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ó máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, yóò bá a dé yunifásítì.

Ẹ má gba bírò lọ́wọ́ ọmọ. Iṣẹ́ tí òbí tàbí olùkọ́ lẹ́sìnnì bá bá ọmọ ṣe ń tan olùkọ́ rẹ̀ jẹ, torí kò ní mọ ibi tó yẹ kó tún kọ́. Bí ọmọ bá ti gbìyànjú tí kò sì rí i ṣe, kí ó kọ ibi tó bá a dé, kí ẹ̀yin sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Ẹ káalẹ́ mà. Ọmọ mi ṣe nọ́ńbà kìíní àti ìkejì. Ti ìkẹta kò yé e, pàápàá ibi tí ìsàlẹ̀ wọn kò ti bára mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó lọ́la.” Olùkọ́ tó bá rí irú èyí mọ̀ pé òbí kan wà lẹ́yìn ọmọ náà.

Ìwé kíkà sókè náà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálẹ́ tó. Bí ẹ kò bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á tán kó wá pa á nítàn fún yín ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó wà ní London tàbí Houston lè pè lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó gbọ́ ọmọ bó ti ń kàwé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá ọ̀nà láti wúlò fún ilé, owó nìkan sì kọ́ ni ìwúlò.

Fóònù gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó mọ ibi tó máa wá a sí. Khan Academy ní fídíò àti ìdánrawò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kékeré títí dé òpin girama, kò sì gba kọ́bọ̀. Nigeria Learning Passport, tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti UNICEF gbé kalẹ̀ ní ọdún 2022, tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fídíò tí ọmọ nílò, kí ẹ fi í pamọ́ sórí fóònù, kí ẹ pa dátà, kí ẹ tó gbé fóònù fún un. Ọmọ tó ń wo ẹ̀kọ́ tí a ti fi pamọ́ kò ní bá ara rẹ̀ níbi tí fídíò kan ti ń fa òmíràn wá.

Àwọn ọmọ girama ti ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ ChatGPT àti Meta AI tó wà nínú WhatsApp. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀: ọmọ lè bi í pé “ṣàlàyé èyí fún mi”, kò gbọ́dọ̀ bi í pé “bá mi kọ ọ́.” Lẹ́yìn náà, kó pa fóònù dé, kó sọ fún yín ohun tó kọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò kọ́ nǹkan kan. Ẹ tún jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kó fi ìwé tí wọ́n ń lò ní kíláàsì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ChatGPT, gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn tó ṣe é fúnra wọn.

Ohun tí ẹ ó tún ṣe lórí fóònù kó tó dé ọwọ́ ọmọ

Kò sí òbí tí yóò rán ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sí ọjà Bódìjà láìsọ ọ̀nà tí yóò gbà, ẹni tí yóò bá rajà, àti ìgbà tí yóò padà dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí fóònù bá ń rú yín lójú, ẹ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kan tó ti dàgbà, ẹ ní kó jókòó tì yín, kí ẹ jọ ṣe gbogbo èyí:

- Lórí Android, ẹ wá “App pinning” nínú “Settings”, lábẹ́ “Security”. Òun ni yóò há fóònù mọ́ áàpù kan ṣoṣo. Ẹ ní kó máa béèrè PIN kó tó tú sílẹ̀, ọmọ tí ẹ fún ní ìwé láti kà kò sì ní lè bọ́ sínú WhatsApp yín tàbí áàpù báǹkì yín.
- Bí ọmọ bá ní fóònù tirẹ̀, ẹ gbé Family Link ti Google sórí tiyín àti tirẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa fọwọ́ sí áàpù tó bá fẹ́ gbé sórí fóònù, tí ẹ ó sì ti dá àkókò tí fóònù yóò tì pa lálẹ́.
- Ẹ tan “SafeSearch” nínú Google àti “Restricted Mode” nínú YouTube. Fún ọmọdé, YouTube Kids ló yẹ.
- Nínú WhatsApp, ẹ wọ “Settings”, ẹ tẹ “Privacy”. Ẹ fi “Groups” àti “Profile photo” sí “My contacts”. Lábẹ́ “Calls”, ẹ tan “Silence unknown callers”. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí “Account”, kí ẹ tan “Two-step verification”, kí ẹ sì fi nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni sí i.
- Ẹ yọ káàdì báǹkì yín kúrò lórí fóònù tí ọmọ fi ń gbá géèmù. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ mọ PIN áàpù báǹkì àti ti áàpù tẹ́tẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ rárá.

Ní ti ọjọ́ orí: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì kọjá wákàtí kan lójúmọ́, bó bá dín, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, fóònù òbí ni kó máa lò, lójú òbí. Facebook, Instagram, TikTok àti WhatsApp kò gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 13. Òbí tó bá bá ọmọ ọdún mẹ́wàá purọ́ ọjọ́ orí kó lè wọlé ti bá a já gbogbo ìdáàbòbò tí áàpù náà ṣètò fún ọmọdé sọnù, torí ojú ẹni tó dàgbà jù ú lọ ni wọn yóò máa fi wò ó.

Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ lámọ̀sórí

Títì fóònù pa ní ibi tó mọ. Ọmọ yóò gba fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí a kì í sọ àti ohun tí a kì í fi hàn: orúkọ ilé ìwé rẹ̀, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, páásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà OTP tó bá wọlé sórí fóònù, ibi tí dádì àti mọ́mì wà, àti fọ́tò ara rẹ̀ láìwọṣọ, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ló béèrè.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ wo ohun tí ẹ ń gbé sórí Facebook lọ́jọ́ ìbí ọmọ. Yúnífọ́ọ̀mù tí báàjì ilé ìwé hàn lára rẹ̀, orúkọ ọmọ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí àti iwájú ilé: ẹni tó bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kó ní ẹ̀yin lẹ rán òun wá mú ọmọ. Ẹ fi ẹ̀wù mìíràn wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi orúkọ kan péré pè é.

Àjèjì tó ń wá ọmọ kì í yọ bí ẹni burúkú. Inú géèmù ló sábà máa ń wà, bíi Free Fire tàbí Roblox, ibi tí àwọn tó ń gbá a ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ bá ọmọ ka irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí ó lè dá wọn mọ̀:

“O mọ̀ ọ́n gbá gan-an o! Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Ilé ìwé wo lo ń lọ?”

“Jẹ́ ká lọ sí WhatsApp. Màá fún ẹ ní diamond.”

“Má sọ fún mọ́mì ẹ o, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ ẹ.”

Ìyìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí yóò fi mọ ọmọ náà. Ó wá fà á kúrò ní gbangba lọ sí ìkọ̀kọ̀, ó fi ẹ̀bùn tì í, ó sì fi àṣírí dì í. Ẹ sọ fún ọmọ pé gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni àmì tó dájú jù lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o má sọ fún mọ́mì, mọ́mì ni kí o kọ́kọ́ sọ fún. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ tiyín mú ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró: “Bí o bá sọ ọ́ fún mi, mi ò ní gba fóònù lọ́wọ́ rẹ.” Ìlérí yìí ni yóò gba agbára lọ́wọ́ àjèjì náà, nítorí náà ẹ má yẹ̀ ẹ́.

Expo àti owó òjijì

Bí ìdánwò WAEC àti JAMB bá ti ń sún mọ́lé, àwọn gúrúùpù tó ń ta “expo”, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ girama. Jìbìtì ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọn yóò gba owó, wọn yóò gba nọ́ńbà NIN ọmọ pẹ̀lú “profile code” rẹ̀, wọn yóò sì sá lọ. Ọmọ tó bá sì rí ìbéèrè náà gbà lóòótọ́ ti rú Òfin Màgòmágó Ìdánwò ti ọdún 1999. Láti fóònù ọmọ fúnra rẹ̀ ni a ti ń fi NIN ránṣẹ́ sí JAMB lórí 55019 tàbí 66019 láti gba “profile code”. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá béèrè rẹ̀ lórí WhatsApp, olè ni. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì lójú kọ̀ǹpútà ni UTME, ìdánwò JAMB. Ẹ fi owó expo sanwó kọ̀ǹpútà fún ìdánrawò, kí ọwọ́ ọmọ mọ kíbọ́ọ̀dù kó tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ dárúkọ: pé kí ọmọ tiwọn jẹ́ ẹni tó ń ṣe ibi náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà rán ọ̀dọ́kùnrin méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti oṣù mẹ́fà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, Èkó ni wọ́n ti kó wọn lọ. Wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba fọ́tò ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, wọ́n sì fi ń halẹ̀ mọ́ ọn kó fowó ránṣẹ́. Ọmọ náà pa ara rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọmọ yín tó ti tó ọdún 14, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó yẹ kó mọ̀ pé wọ́n lè ṣe é fún òun, ó sì yẹ kó mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ló wà lẹ́yìn ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní “iṣẹ́”. Ẹ bi ọmọ tó bá ní owó tí ẹ kò fún un léèrè ibi tó ti rí i, kí ẹ tó yìn ín.

Bí ohun burúkú bá ti ṣẹlẹ̀

Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá sọ pé ẹnì kan ní fọ́tò òun, tó sì ń halẹ̀ mọ́ òun, ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ sọ pé: “O ṣeun tí o sọ fún mi. A jọ máa yanjú rẹ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn:

1. Ẹ má san owó. Ẹni tí a san fún lónìí yóò tún béèrè lọ́la.
2. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tí ọ̀rọ̀, orúkọ àti nọ́ńbà onítọ̀hún ti hàn. Ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò ọmọ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà sí ẹbí: Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá pín irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ kiri.
3. Ẹ tẹ “Report” nínú áàpù náà, kí ẹ wá tẹ “Block”.
4. Ẹ lọ sí takeitdown.ncmec.org. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè orúkọ, fọ́tò náà kò sì ní kúrò lórí fóònù yín. Àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Facebook, Instagram àti TikTok, kí wọ́n lè dá a mọ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́.
5. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Nọ́ńbà NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn tà, ni 627. Ní Èkó, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀ ni 08000 333 333. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ pe 112.
6. Ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ ní òun nìkan ní ọjọ́ mélòó kan yẹn. Ìtìjú ló ń pa ọmọ nínú ọ̀rọ̀ báyìí, ìtìjú sì kì í le púpọ̀ níbi tí àgbà kan tí kò bínú bá jókòó sí.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ yan ibi tí ọmọ yóò máa jókòó sí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mẹ́rin náà. Lọ́jọ́rú, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tún WhatsApp àti YouTube ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ yín ní géèmù tó fẹ́ràn jù, kí ẹ gbá a pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi ibi tí àwọn ènìyàn ti ń bá a sọ̀rọ̀ hàn yín. Lópin ọ̀sẹ̀, ẹ kó ilé jọ, ẹ jọ kọ òfin márùn-ún péré sórí ìwé kan, kí òbí àti ọmọ fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì de òbí náà: kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbi oúnjẹ alẹ́. Ọmọ tó bá rí i pé òfin mú òbí òun náà kò ní wá ọ̀nà àtiyẹ̀ ẹ́. Ẹ ó sì rí àkókò tí ẹ nílò níbi oúnjẹ yẹn láti bi í léèrè ohun tó kọ́ lónìí, àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀.